Ìyá Kúdẹtì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Anna Hinderer

1. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú

Ní oṣù kẹta ọdún 1827, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní abúlé Hempnall, ní àgbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Anna Martin ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Anna pé ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì mọ ohun tí ikú jẹ́. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹni tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń gbé e sùn, kò sí mọ́.

Nígbà tí ó yá, Anna lọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní Lowestoft, ìlú kan tí ó wà ní etí òkun. Níbẹ̀ ni àlùfáà kan, Francis Cunningham, àti ìyàwó rẹ̀ ti gbà á sínú ilé wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Anna ń bá wọn bẹ àwọn aláìsàn wò. Ó ń kó àwọn ọmọ akúṣẹ̀ẹ́ jọ, ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Báyìí ni Anna ṣe mọ ohun méjì láti kékeré. Ó mọ bí ó ti ń rí lára ọmọ tí kò ní ìyá. Ó sì mọ̀ pé ẹni tí kò bí ọmọ lè tọ́ ọmọ, kí ọmọ náà sì di ènìyàn.

2. Ọ̀nà Ìbàdàn

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, Anna fẹ́ David Hinderer. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni David. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó rán an wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti wàásù. Ó ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1851, àwọn ìjòyè sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbéyàwó, ó sì tún múra àtibọ̀.

Tọkọtaya náà wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kejìlá ọdún 1852. Wọ́n dé Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853. Láti Èkó, wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta. Láti Abẹ́òkúta, wọ́n lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin. Anna jẹ́ ẹni ọdún 26 nígbà náà. Ibà ti ṣe é lójú ọ̀nà, kò sì fi í sílẹ̀ tán títí ó fi kú.

Ìbàdàn ìgbà náà jẹ́ ìlú àwọn jagunjagun. Àkókò ogun ni. Yorùbá ń bá Yorùbá jà. Láti ìwọ̀-oòrùn, ogun ọba Dahomey ń wá láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Ní ọdún 1851, ọba Ghezo kó ogun wá bá Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé e padà. Níbi tí ogun bá ti jà, wọn a kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Bàbá a lọ sí apá kan, ìyá a lọ sí apá kan, ọmọ a lọ sí ọjà ẹrú.

Àárín irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Anna wá gbé. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ ní Kúdẹtì, ní apá gúúsù Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ ilé gbígbé, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

3. Àwọn ọmọ inú ilé

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún òyìnbó. Wọn kò mọ ohun tí ìwé yóò sọ ọmọ dà. Ṣùgbọ́n ìjòyè kan, Olúnlóyọ̀, fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀. Yéjídé ni obìnrin, Akínyẹlé ni ọkùnrin. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ó kọ́kọ́ mọ̀wé.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ní òbí ní ìlú. Àwọn kan kò ní ẹnì kankan. Ẹrú ni wọ́n, Anna àti ọkọ rẹ̀ ni ó san owó tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ olówó wọn. Àwọn kan jẹ́ ọmọ òrukàn tí ogun lé wọ Ìbàdàn. Gbogbo wọn ń gbé inú ilé kan náà. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń gbàdúrà pọ̀, wọ́n sì ń kàwé pọ̀. Anna àti ọkọ rẹ̀ kò bí ọmọ kankan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ọmọ wọn, Ìyá ni wọ́n sì ń pe Anna.

Ní ọdún 1856, àìlera lé wọn padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọdún 1858, wọ́n padà dé. Ìdílé kan láti Freetown bá wọn wá, ìdílé Henry Johnson. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé náà ni Samuel Johnson. Ilé ìwé Kúdẹtì ni ọmọ yìí lọ. Òun ni ó dàgbà tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Ìwé náà jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

4. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin

Ó ṣòro láti tọ́ ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòro jù ni ọjọ́ tí ọmọ náà bá dàgbà, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin tí ó ní ilé ní ẹ̀yìn. Bí ọkùnrin bá fẹ́ ẹ, alárenà a lọ, ìdílé a bèèrè ìwà ọkùnrin náà, wọn a gba ìdána. Bí ọkọ bá fìyà jẹ ẹ́, ó ní ibi tí yóò sá sí. Bí ó bá bímọ, àwọn ìyá rẹ̀ a wá wẹ ọmọ.

Ọmọbìnrin tí ogun sọ di òrukàn kò ní ọ̀kankan nínú wọ̀nyí. Ta ni yóò jókòó lọ́jọ́ ìdána rẹ̀? Ta ni yóò bèèrè ìwà ọkọ? Bí ẹnìkan bá sì mọ̀ pé ẹrú ni tẹ́lẹ̀, ó lè fẹ́ sọ ọ́ di ẹrú padà. Bí a bá bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí a wá tì í síta lọ́jọ́ kan láìsí iṣẹ́, láìsí ẹbí, a ti ba iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá jẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Kúdẹtì rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe. Èkíní, Anna kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé kíkà. Èkejì, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìwé, wọn a jókòó, wọn a máa rán aṣọ. Ẹ̀kẹta, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ jáde kúrò. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Bí ó bá lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni ilé bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, àwọn ará ìjọ di ẹbí fún un. Àwọn obìnrin ìjọ di ẹ̀gbọ́n àti ìyá fún ẹni tí kò ní ẹnìkan.

Kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn ìdílé kan bínú gidigidi nígbà tí ọmọbìnrin wọn ń lọ sí Kúdẹtì. Wọ́n lu àwọn mìíràn, wọ́n so àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ yóò kọ òrìṣà ilé sílẹ̀, yóò sì kọ ọkọ tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún un. Àwọn ọmọbìnrin kan padà sílé. Àwọn kan dúró ti ìjọ.

5. Ogun Ìjàyè

Ní ọdún 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Ọmọ rẹ̀, Adélù, gun orí oyè. Ààrẹ Kúrúnmí ti Ìjàyè kò gbà. Ó ní àṣà kò gba kí àrẹ̀mọ jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ìbàdàn dúró ti Aláàfin. Ní ọdún 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ogun kò sì tán síbẹ̀.

Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí. Ẹrù kò lè ti Èkó dé Ìbàdàn mọ́. Owó kò lè dé, lẹ́tà pàápàá kò lè dé déédéé. Anna àti ọkọ rẹ̀ wà nínú ìlú bí ẹni tí a há mọ́ yàrá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ tí ogun sọ di òrukàn ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

6. Ògúnyọmí àti ìyá rẹ̀

Ọmọ Ìjàyè kan wà tí à ń pè ní Ògúnyọmí. Ọmọdébìnrin kékeré ni. Wọ́n kó o lẹ́rú nígbà ogun, wọ́n sì mú un wá sí Ìbàdàn. Ilé Kúdẹtì ni ó rí ibi sá sí, àwọn Hinderer sì san owó, wọ́n gbà á sílẹ̀. Kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ní ọjọ́ kan, ó bá àwọn ọmọ ilé jáde. Wọ́n pàdé obìnrin kan lójú ọ̀nà. Obìnrin náà wo ọmọ, ọmọ wo obìnrin náà. Ìyá rẹ̀ ni! Òun náà ti di ẹrú nínú Ìbàdàn kan náà. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n sì sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá kò lè bá ọmọ lọ, nítorí ó ní olówó. Nígbà tí ó yá, àìsàn dá a gúnlẹ̀. Àwọn Hinderer san owó, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ olówó rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ṣọ̀wọ́n fún àwọn náà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Obìnrin yìí dúró ní Kúdẹtì, ó sì ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Báyìí ni ẹni tí ogun kó ọmọ rẹ̀ lọ ṣe wá di ìyá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí. Wọn kò fi ilé Kúdẹtì pààrọ̀ ìyá tí ó bí Ògúnyọmí lọ́mọ. Nígbà tí wọ́n rí ìyá náà, òun pẹ̀lú ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ràn ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹbí rẹ̀ kan wà níbìkan.

7. Ìyàn

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìyà ń gorí ìyà. Owó ẹyọ tán nílé. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta àpótí, wọ́n ta ohun tí ẹni tí ó ní owó kì í tà. Oúnjẹ ọkọ àti ìyàwó kéré púpọ̀, kí ti àwọn ọmọ lè tó. David Hinderer fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó láti wá owó àti oúnjẹ wá.

Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè tú àwọn ọmọ ká. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ọmọbìnrin òrukàn yóò lọ nínú ìlú ogun? Ẹni tí ó bá gbà wọ́n sílé lè tà wọ́n lọ́la. Wọn kò tú wọn ká.

Ara Anna kò lè gbà á mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, Glover, tí ó ń ṣe olórí ìjọba Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell láti wá a lọ. Ọ̀nà tuntun nínú igbó ni ó gbà, ó sì dé ní òru láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní kí Anna múra kíákíá, kí àwọn tí ó dí ọ̀nà má baà gbọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e: wọ́n so aṣọ mọ́ ọ̀pá, àwọn ọkùnrin sì gbé e lé èjìká. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ láti ṣètò iṣẹ́. Anna kò rí àyè dágbére fún àwọn ọmọ bí ó ti yẹ. Ó fi omijé kúrò ní Kúdẹtì.

8. Ìyá lọ, ilé kò tú

Ìgbà yìí ni ìdánwò gidi dé. Ìyá ti lọ, bàbá náà sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Ǹjẹ́ ilé náà yóò tú?

Ilé náà kò tú. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, gba iṣẹ́ náà mú. Ìyàwó rẹ̀, Susanna, wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ pẹ̀lú dúró. Nígbà tí Anna tún padà wá sí Ìbàdàn, ní ọdún 1867, ó bá ìjọ lórí ìdúró. Àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ti dàgbà. Àwọn kan ti lọ́kọ, àwọn kan ti láya, wọ́n sì ti ń bímọ. Ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lánàá ti di ìyá ọmọ lónìí.

Anna kò pẹ́ mọ́. Ara rẹ̀ ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1869, òun àti ọkọ rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ìjọ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà náà: Kúdẹtì, Arẹ́mọ àti Ògúnpa. Anna Hinderer kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1870. Ẹni ọdún 43 ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ń ṣe olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n fi Olúbí joyè àlùfáà. Ní ọdún 1899, C.M.S. dá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Ní ọdún 1950, wọ́n da ilé ìwé náà pọ̀ mọ́ ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tí ó ti Èkó wá, ó sì di St. Anne's School ní Mọlété, ní Ìbàdàn.

9. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa

Lónìí, ọjà ẹrú kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn wà ní gbogbo ìlú. Àwọn ìjọ àti àwọn ẹlòmíràn ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́ wọn, ní Nàìjíríà, ní Togo àti ní Benin. Ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún 18, ọ̀rọ̀ àtijáde ti dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó wá ń gbé ní Bassila, tàbí ní Manigri níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ èdè tí ó bá Yorùbá tan. Ó ti pé ọdún 18. Ó mọ̀wé díẹ̀. Ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ta ni yóò san owó ọjọ́ tí yóò gba òmìnira? Ta ni yóò bá a ra ẹ̀rọ ìránṣọ? Bí ọkùnrin bá ń wá a, ta ni yóò bèèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́? Bí ibà bá ṣe é ní òru, ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn?

Ìbéèrè tí ó wà níwájú Anna Hinderer ní Kúdẹtì ni ìbéèrè wọ̀nyí. Ìdáhùn rẹ̀ kò tíì gbó. Kí ọmọ ní ìwé. Kí ó ní iṣẹ́ ọwọ́. Kí ó ní ilé tí ó lè padà sí. Kí ó ní ènìyàn tí yóò jókòó fún un lọ́jọ́ ìdána, tí yóò sì gbé ọmọ rẹ̀ jó lọ́jọ́ ìkómọ.

Ohun mẹ́rin ni wọ̀nyí. Owó lè ra méjì àkọ́kọ́. Méjì tí ó kù wà lọ́wọ́ àwa aládùúgbò. Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Anna kú, ṣùgbọ́n igba ojú tí ó kó jọ ní Kúdẹtì kò bá a kú.

Ẹ jẹ́ kí á jíròrò

1. Ọmọ ọdún mélòó ni Anna nígbà tí ìyá rẹ̀ kú?
2. Kí ni ó dí ọ̀nà láàárín Ìbàdàn àti Èkó?
3. Báwo ni Ògúnyọmí ṣe rí ìyá rẹ̀?
4. Ta ni ó gba iṣẹ́ mú nígbà tí Anna àti ọkọ rẹ̀ lọ?
5. Ẹ sọ ohun mẹ́rin tí ọmọbìnrin òrukàn nílò nígbà tí ó bá dàgbà. Èwo ni ẹ̀yin lè ṣe ní àdúgbò yín?